Ìṣù Yìnyín Tó Bà Màmá Mi Létí

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń tètè gbàgbé nǹkan. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ mí ní àárọ̀, tó sì rò pé oorun alẹ́ á gbé e kúrò lọ́kàn mi, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ọmọ mi obìnrin máa ń sọ pé inú mi dà bíi fírísà, pé ohun tí mo bá jù síbẹ̀ kì í bàjẹ́. Ó rò pé òun ń bú mi. Èmi gbà á bí oríkì.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní ilé iṣẹ́ táyà kan ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ọgbà tí ìjọ wa ti háyà gbọ̀ngàn. Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun. Onítáyà wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa, ẹni tó ń kó fìríìjì àlòkù jọ wà ní ọwọ́ òsì, àwa tí à ń pe Ọlọ́run wà láàárín. Onítáyà yìí kò fẹ́ràn wa rí. Bí ọ̀kan nínú wa bá gbé mọ́tò sí ibi tí kò wù ú, yóò yí táyà gbígbó wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ orin, yóò yí rédíò rẹ̀ sókè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé gbogbo ìyẹn kò tíì tó ìjà. Ìṣù yìnyín kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di ìjà.

Ọdún tí màmá mi wá kí wa ni. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní bẹ́kìrì títí ọwọ́ wọn fi gbó. Àwọn ni wọ́n máa ń ṣù búrẹ́dì kí wọ́n tó tì í sínú ààrò, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi rán mi nílé ìwé. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wo ibi tí mò ń gbé, wọ́n á ní ta ni yóò bá àwọn ṣọ́ ilé. Nígbà tí wọ́n wá gbà, mo ra kóòtù, mo ra ìbọ̀wọ́, mo ra bàtà onírun. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n sì lè sọ fún àwọn ará àdúgbò láìpurọ́ pé àárín èèyàn ni ọmọ àwọn ń gbé, pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un níbẹ̀. Kò sí ẹrù tí mo lè dì fún wọn tó jù ú lọ lójú mi.

Ìgbà òtútù ni wọ́n dé. Yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ọdún mìíràn á lọ tán, a ò ní rí ju òjò tútù tó ń gúnni lójú. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan màmá mi ṣí kọ́tìnnì, wọ́n sì pè mí láti yàrá wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, wá wo nǹkan. Ta ló da fúláwà sí títì?"

Mo wá síbẹ̀, mo wo ìta. Gbogbo ilé àdúgbò wa ní Becontree Heath ló jọra látilẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀kùn la fi ń dá wọn mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kódà àwọn garawa ìdọ̀tí tó wà níwájú ilé ti dé fìlà funfun. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó máa sọ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ bàtà la kọ́kọ́ fà. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Àwa tí à ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ti ń fọgbọ́n ṣe é: a máa ń wọ sílípáàsì láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, a ó bọ́ ọ síbẹ̀, a sì gbà pé Ọlọ́run mọ̀ pé òtútù mú. Màmá mi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, at least ẹ wọ socks. It's freezing o."

"Kí n wọ sùtánà kí n tún wọ ìbọ̀sẹ̀? Kí n wá jọ kí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Nígbà tí a dé ọgbà, kò tíì sẹ́ni tó gbá ibẹ̀. Láti ibi tí a gbé mọ́tò sí dé ẹnu ọ̀nà kò jìnnà, ṣùgbọ́n wọn kò sáré. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń wẹ̀yìn wo ojú ẹsẹ̀ ara wọn nínú yìnyín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní ó ń jóni bí ata. Mo di ọwọ́ wọn mú.

Onítáyà dúró níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yìnyín, ó ń ṣù ú lọ́wọ́. Mo rí i. Mo rò pé ara wọn ni wọ́n fẹ́ jù ú lù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Bí yìnyín bá ti rọ̀, àgbà á di ọmọdé. Ọ̀gá á jù ú lu ọmọọṣẹ́, ọmọ á jù ú lu bàbá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. N kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, eré wọn ni. Ṣùgbọ́n eré náà ní ìlànà, ẹni tí a bí síbí kò sì lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń bá ọ ṣeré, tí yìnyín wà lọ́wọ́ òun náà, lo máa ń jù ú lù. Kì í ṣe ìyá arúgbó tó ń fẹsẹ̀ lásán lọ sílé Ọlọ́run.

Etí ọ̀tún ló bà wọ́n. Fìlà wọn ṣí bọ́ sílẹ̀, yìnyín náà fọ́, ó sì yọ́ wọ inú ọrùn sùtánà lọ sí ẹ̀yìn wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín, onítáyà sì gbé ọwọ́ sókè.

"Welcome to England, darling!"

Màmá mi di etí wọn mú. "Kí ló sọ?"

Tí mo bá sọ òótọ́ fún wọn, ohun tí wọn yóò gbé padà sí Ìjẹ̀bú nìyẹn. Mo fi ẹ̀rín sí ojú mi bí ẹni fi àtíkè pa á.

"Ó ní ẹ káàbọ̀ ni, Màámi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kí àlejò tí snow bá rọ̀."

Wọ́n wò mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n fi orúnkún kan tẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kí àjèjì, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o." Ẹ̀rín àwọn ọkùnrin náà tún wá le sí i. Mo mú fìlà nílẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi dé wọn lórí. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò kórìíra ènìyàn tó bí mo ṣe kórìíra ọkùnrin yẹn nígbà tí mò ń tún fìlà náà ṣe lórí màmá mi.

Mo jókòó sẹ́yìn wọn nínú ìsìn, mo ń wo ibi tí omi ti rin aṣọ wọn láti ọrùn dé ìbàdí. Wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n gbàdúrà fún gbogbo ayé. Èmi kò gbàdúrà rárá. Mò ń ronú ohun tí mo máa ṣe fún un. Nígbà tí a jáde, ó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti lọ. Mo lọ bá wòlíì tó jẹ́ olórí ìjọ wa, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Sister, ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Landlord wa ti ń wá ẹ̀sùn sí wa lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Any small wahala, wọ́n á ní ká kó jáde. Ẹ jẹ́ ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Òótọ́ ni pé mo gbọ́.

N kò lè pe ọlọ́pàá nítorí yìnyín. N kò lè fọ́ gíláàsì rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé àwa ni. Bí mo ṣe rò ó lọ tí mo rò ó bọ̀, mo rí i pé yìnyín náà nìkan ló kù. Ohun tó fi nà wá nìyẹn, kò sì lè ní òun ò mọ̀ pé eré ni. Kí n ṣù ú, kí n sọ ọ́ lù ú ní etí ọ̀tún, kí èmi náà gbé ọwọ́ sókè kí n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n yìnyín kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá yọ́ kí n tó bá ọkùnrin yẹn, ó lè tó ọdún mélòó kan kí òmíràn tó rọ̀, màmá mi á sì ti lọ.

Ilé ìwé tí mo ti ń dáná fún àwọn ọmọ, lẹ́bàá Dagenham Village, kò ṣí lọ́jọ́ Ajé nítorí yìnyín. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, mo bu yìnyín, mo ṣù ú. Ó tú ká lọ́wọ́ mi bí gàrí gbígbẹ. Mo tún bu òmíràn, ó tú. Ọmọ mi, tó ń kàwé ní yunifásítì, yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó kó ọwọ́ sínú àpò.

"Mummy, what are you doing? Is this about that man?"

"Mò ń ṣe eré ìdárayá."

"It's literally a snowball, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, let it go." Ó wò mí, ó rí i pé n kò gbọ́. "Anyway, it's too dry. Ẹ dúró kó yọ́ díẹ̀. It has to be a bit wet before it sticks."

Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni, òótọ́ ló sọ. Mo ti wá mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí. Nígbà tí òtútù bá mú jù, yìnyín á gbẹ, ẹyọ kan ò ní bá ìkejì ṣe, àfi kó máa fò lọ. Ìgbà tí òtútù bá dẹwọ́ díẹ̀, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú rẹ̀, ni o lè tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ti ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀ á yọ́ láàárín ọwọ́ rẹ, omi yẹn ló sì máa ń tún dì tí á so ìyókù pọ̀. Ọwọ́ tó bá gbóná jù á sọ ọ́ di omi. Ìbọ̀wọ́ onírun á fà á mọ́ra. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn yọ díẹ̀, ẹ̀yìn ilé wa wá rọ̀ dáadáa. Mo ṣù ú, ó dì. Mo sọ ọ́ lu garawa ìdọ̀tí, ó dún gbì. Mo sọ òmíràn, mo ń rí etí ọkùnrin yẹn lára garawa náà. Ó gbádùn mọ́ mi. Mo wá bu omi, mo wọ́n ọn sí ọ̀kan lára, mo gbé e sínú fírísà títí ó fi le bí òkúta.

Màmá mi ti ń wò mí láti fèrèsé. Wọ́n jáde wá. Wọn kò wọ sùtánà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wọ bàtà onírun tí mo rà fún wọn, wọ́n sì lọ́ gèlè kékeré mọ́ etí. Mo fi èyí tó wà nínú fírísà hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka kàn án.

"Ó le jù. Èyí á dá nǹkan sí èèyàn lára. Ẹni tí èèyàn fẹ́ kí, ṣé òkúta ni wọ́n fi ń kí i?"

Wọ́n bu yìnyín, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n sì ń fi ti ọ̀tún yí i, wọn kò tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń yí i ni wọ́n ń fi kún un. Mo rí ọwọ́ tó fi búrẹ́dì rán mi nílé ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìṣù yìnyín náà rí róbótó, ó tóbi tó orí ọmọ tuntun, ó dúró dáadáa, síbẹ̀ bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń wọlé.

"Ìgbà wo la tún ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" wọ́n bi mí.

"Lọ́la, ìsìn Ọjọ́rú."

"Ó dáa. A ò tíì jẹ́ ọkùnrin yẹn lóhùn. Wọ́n kí èèyàn, èèyàn ò sì dáhùn, ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Ọkàn mi bàjẹ́. Wọ́n gba irọ́ mi gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbọ́ tí àwọn àti ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú sùtánà pẹ̀lú kúlà kan lọ́wọ́, kúlà tí mo fi ń gbé ìrẹsì. Wọ́n ti dé e pa. Mo bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀, wọ́n ní ti ọkùnrin yẹn ni. Àkàrà ló wá sí mi lọ́kàn, nítorí mo ti rí ẹ̀wà rírẹ nínú kíṣìnì. Inú ń bí mi nínú mọ́tò. Ọkùnrin tó lù wọ́n, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún un, èmi ni mo sì fi irọ́ mi fà á. Yìnyín ti ń yọ́ lẹ́bàá títì, ó ti di ẹrẹ̀. Èyí tó le bí òkúta wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti pinnu pé bí ó bá fi lè jẹ ẹyọ kan nínú àkàrà yẹn, iwájú orí ni mo máa sọ ọ́ sí, kí ìjọ kó jáde bó bá wù wọ́n.

Ó ń mu tíì níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Màmá mi sọ̀kalẹ̀, wọn kò yà sí ọ̀nà ilé ìsìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán kọjú sí nínú ẹrẹ̀ yìnyín. Mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú báàgì mi. Ó rí kúlà, ojú rẹ̀ tàn.

"That for me, love? Smells lovely."

Kò tíì ṣí i, kò sì sí òórùn kankan tó ń jáde níbẹ̀. Wọ́n gbé kúlà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ júwe fún un pé kó wò ó. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sórí táyà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí i. Yìnyín tí wọ́n kó yí ìṣù náà ká ló kọ́kọ́ rí, mo rò pé kò tètè yé e. Kó tó gbé orí sókè, màmá mi ti fa ọrùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn, wọ́n ti gbé ìṣù yìnyín náà sọ síbẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń gbá búrẹ́dì kó tó wọ agolo rẹ̀. Ó fọ́ sínú aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ké bí ewúrẹ́. Ó ń fò, ó ń jó, ó ń fa aṣọ, ó ta tíì ara rẹ̀ dànù. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ju ti ọjọ́ Ìsinmi lọ.

Màmá mi dúró dè é títí ó fi wò wọ́n. Wọ́n fi orúnkún kan tẹ̀ díẹ̀, bí ọjọ́sí.

"Wẹ́líkọ̀ọ̀mù tu Ínígílándì, dálìn."

Mo rí ojú rẹ̀. Mo ti rí ohun tó dára ní ayé yìí, mo ti bímọ, mo ti rí òkun. Ojú ọkùnrin yẹn wà lára wọn. Kò lè bínú, nítorí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń wò ó, eré ló sì pè é nígbà tó jẹ́ tiwa. Màmá mi dé kúlà, wọ́n gbé e, wọ́n sì wọlé lọ sìn.

Nígbà tí à ń padà sílé, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti mọ̀ látilẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ nu ẹsẹ̀ wọn.

"Ta ni ò mọ ẹ̀rín ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín? Ṣé Ọlọ́run ò dá etí mọ́ mi ni?"

"Kí ló dé tí ẹ wá ní ẹ ṣé?"

"Torí ìwọ ni." Wọn kò wò mí. "Mo rí bí o ṣe fẹ̀rín sójú tí o fi purọ́ fún mi. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn lo kọ́ ọ, ó ti mọ́ ẹ lára. Etí mi ti sàn látàná. Ojú yẹn ni mi ò lè gbé lọ sílé."

Mo wa mọ́tò dé iwájú ilé.

Wọ́n ti padà sí Ìjẹ̀bú. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ará àdúgbò, n kò mọ̀. Onítáyà kì í yí táyà wá sí ẹnu ọ̀nà wa mọ́, ó sì máa ń fọwọ́ bo ọrùn bí ó bá rí sùtánà. Wòlíì ní kí n lọ bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ìṣù yìnyín tèmi ṣì wà nísàlẹ̀ fírísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀nmọ́, ọmọ mi sì ti bẹ̀ mí títí kí n dà á nù kó rí àyè fi áísìkiriìmù sí. Bí òtútù bá ti dé, màmá mi á pè mí lórí fóònù, wọ́n á béèrè bóyá yìnyín ti rọ̀. Mo máa ń sọ pé kò tíì rọ̀.

"Tìẹ ń kọ́?" wọ́n á ní.

"Ó wà, Màámi."

"Pa á mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n má tún rín ẹ̀rín yẹn fún ẹnikẹ́ni."